Bàbá Tí Mo Sìn Sọ́nà Lórí Máàpù Irà

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tí mo jẹ́, kí ẹ má baà rò pé alásọdùn ni mí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wọn nǹkan. Bí mo bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé adágún kan wà níbì kan, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò tibú tòró kí n tó kọ ọ́. Bí kò bá sì dá mi lójú, n ó kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé kò dá mi lójú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ojú mi ló rí i, ẹsẹ̀ mi ló tutù nínú rẹ̀.

N ó gbìyànjú láti ya ohun tí mo rí fúnra mi sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí àwọn ẹlòmíràn sọ fún mi. Ní ti ohun tí ó túmọ̀ sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí. Láti ọjọ́ náà ló ti dàrú mọ́ mi lójú.

Ilé kan wà nítòsí Adelphi, nílẹ̀ òyìnbó tí à ń gbé yìí, tí wọ́n ń tọ́jú àwọn máàpù àtijọ́ sí. Ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Yàrá mi wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, kò ní fèrèsé, nítorí oòrùn kì í jẹ́ kí bébà pẹ́ láyé. A máa ń tẹ́ máàpù sórí tábìlì gbọọrọ kan, a ó ya àwòrán rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn náà ni a ó wá mú un bá ilẹ̀ òde òní mu. A ó mú igun odò kan lórí bébà, a ó wá igun kan náà nínú àwòrán tí sátẹ́láìtì yà, a ó so méjèèjì pọ̀. Bí irú igun bẹ́ẹ̀ bá ti pọ̀ tó, gbogbo bébà náà yóò jókòó sórí ilẹ̀ bí ẹ̀wù ṣe ń jókòó sára ẹni tí wọ́n rán an fún. Iṣẹ́ sùúrù ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀.

Máàpù tí mò ń sọ yìí jẹ́ ti apá kan ní àríwá Kánádà, níbi tí igi ti ń tán lọ, tí ilẹ̀ àti omi kò tíì parí ìjà lórí ẹni tí ó ni ibẹ̀. Àwọ̀ búlúù ló kún inú rẹ̀. Adágún lórí adágún, kò sí èyí tí ó ní orúkọ. Níbi tí kì í bá ti í ṣe adágún, àmì irà ni wọ́n fọ́n síbẹ̀, ó dà bí irun tí ó ṣẹ́ kù lórí ẹni tí abẹ rẹ̀ kò mú. Ẹ mọ̀ pé lórí irú máàpù bẹ́ẹ̀, ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ ni a fi ń sọ bí òkè ṣe ga tó. Níbi tí òkè bá wà, àwọn ìlà náà á fún mọ́ra wọn. Lórí èyí, ilẹ̀ tẹ́jú débi pé ìlà kan ṣoṣo ló ń rìn gbéregbère láti òpin kan dé òpin kejì, bí ẹni tí ó sọ nǹkan nù.

Kò sí ìlú níbẹ̀, kò sí abúlé. Ìlà dúdú kan tí a gé wẹ́wẹ́ la irà náà kọjá: ọ̀nà ìgbà òtútù ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Lọ́hùn-ún, nígbà tí omi bá dì, ó máa ń le débi pé ọkọ̀ lè gbà á. Bí ooru bá dé, ọ̀nà náà a yọ́, a sì padà di omi. Ọ̀nà tí ó ń kú lọ́dọọdún ni. Létí adágún kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà yẹn, wọ́n ya àmì dúdú bíńtín kan, èyí tí ó túmọ̀ sí ahéré àwọn ọdẹ.

Ahéré yẹn ni gbogbo wàhálà wá dá lé.

Àbúrò mi obìnrin, Bọ́sẹ̀, nọ́ọ̀sì ni. Òun àti Kúnlé ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Riverdale Park. Onímọ̀ nípa ilẹ̀ ni Kúnlé. Iṣẹ́ rẹ̀ ló gbé e lọ sínú irà náà, láti lọ bu ilẹ̀ ibẹ̀ wá fún àyẹ̀wò. Òun àti òyìnbó kan ni wọ́n jọ lọ. Ooru tètè dé lọ́dún náà. Ọkọ̀ wọn rì sójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ òyìnbó náà kán. Kúnlé pàgọ́ fún un, ó kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú oúnjẹ tì í, ó ní òun ń lọ wá ahéré àwọn ọdẹ bóyá òun á rí ìrànlọ́wọ́. Hẹlikópítà rí òyìnbó náà. Wọn kò rí Kúnlé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí mò ń wí yìí, Bọ́sẹ̀ ti ọsibítù wá bá mi níbi iṣẹ́, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Màmá Délé, tí ó máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà òkè, tí kò sí ẹni tí ó lè wọlé kí ó má rí i, ló mú un wá sísàlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n pè mí láti ọ̀hún," Bọ́sẹ̀ wí. Kò tilẹ̀ kí mi. "Wọ́n ní kùrukùru ń bọ̀. Wọ́n ní hẹlikópítà ṣì lè fò lẹ́ẹ̀kan sí i lónìí, lẹ́yìn ìyẹn, ó di ìgbà tí ojú ọjọ́ bá là."

"Ibo ni wọ́n fẹ́ fò lọ?"

"Ohun tí wọ́n fẹ́ bi yín nìyẹn! Ahéré yẹn ò sí lórí máàpù tiwọn, orí tiyín nìkan ló wà. Wọ́n ní kí ẹ sọ ibi tó wà gan-an. Wọ́n máa tó pè yín."

Mo sọ fún un pé láti àná ni mo ti wà lórí rẹ̀. Mo sọ pé bí mo bá so igun àwọn adágún ìwọ̀ oòrùn pọ̀, inú omi ni ahéré náà ń bọ́ sí. Bí mo bá tún fi ti ìlà oòrùn ṣe é, á bọ́ sínú omi mìíràn tí ó jìnnà sí ti àkọ́kọ́. Àwọn adágún ti kúrò ní ààyè wọn láti ìgbà tí wọ́n ti ya máàpù náà. Mo ní bí èèyàn bá fẹ́ sọ òtítọ́...

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má kọ́ mi ní jọ́gíráfì lónìí, mo bẹ̀ yín." Ó di etí tábìlì mú. "Ẹ̀yin lẹ tẹ ẹ̀dà máàpù yìí fún un nígbà tó ń lọ. Ó ká a sínú àpò àyà rẹ̀ bíi Bíbélì. Nítorí náà, ẹ ṣáà bá mi wá ọkọ mi."

Màmá Délé fà á lọ́wọ́. "Jẹ́ ká máa lọ sókè, ọmọ mi. Tí o bá dúró tì í, kò ní lè ronú. Àwọn ọ̀mọ̀wé ò fẹ́ ariwo."

Wọ́n gòkè lọ. Ó ku èmi àti bébà.

Mi ò lè sọ bí ó ti pẹ́ tó. Mo tẹ orí mọ́lẹ̀, mo di awò tí ó ń sọ nǹkan di ńlá mú, mo ń wo àmì dúdú yẹn bí ẹni tí ó retí pé kí ó sọ̀rọ̀. Ìgbà náà ni mo gbọ́ tí ẹnì kan ní, "O kú iṣẹ́ o."

Mo gbójú sókè. Bàbá arúgbó kan ló dúró ní òdì kejì tábìlì.

Ó wọ kóòtù nínípọn kan lórí òmíràn. Ó ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú bàtà gígùn. Ó dé fìlà onírun tí ó bo etí méjèèjì, mo sì kọ́kọ́ rò pé abetí-ajá ni. Òórùn èéfín koríko tútù ń ti ara rẹ̀ jáde.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí n kò fi bẹ̀rù. Bí ẹ bá ń gbé ní agbègbè wa níbí, ẹ̀yin náà kò ní bẹ̀rù. Gbogbo wa la ti gba òbí lálejò láti ilé. Bàbá tí ó bá ti Ìbàdàn dé kì í bọ́ kóòtù, ìbáà jẹ́ pé òdòdó ti ń yọ lára igi, á tún wọ súwẹ́tà ọmọ rẹ̀ mọ́ ọn. Màmá Délé sì láàánú. Bí ẹnì kan láti ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bá fẹ́ sáré dé ibì kan, ó lè ní kí ó fi bàbá rẹ̀ jókòó ti òun. Mo gbà pé bàbá ẹnì kan ni, pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń wá tí ó fi ṣìnà wọ yàrá mi. Mo tẹ̀ ba, mo fi ọwọ́ kan ilẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà. Ṣé Màmá Délé ló júwe ibí fún yín?"

Ó ń wo máàpù. Nígbà tí yóò tún sọ̀rọ̀, ohùn wúyẹ́wúyẹ́ ló fi sọ ọ́, bí ẹni tí òtútù ti gba ọ̀fun rẹ̀. Yorùbá rẹ̀ mọ́ kedere, ó rọ̀ mọ́ ti apá Ọ̀yọ́.

"Ibí yìí ni mò ń lọ." Ó fi ìka kan àárín irà náà.

Mo rẹ́rìn-ín. "Háà, bàbá! Ibẹ̀ jìnnà o. Kò sí bọ́ọ̀sì tó ń lọ ibẹ̀ láti títì Route 1."

"Mo mọ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn." Ó gbójú sókè wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́. "Dìde, sìn mí sọ́nà díẹ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbí yìí pẹ̀lú mi, nítorí ibí ni ọ̀rọ̀ ti yí. Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ bí wọ́n ṣe tọ́ mi mọ ohun tí gbólóhùn yẹn jẹ́. Bí àgbàlagbà bá ní kí o sin òun sọ́nà, o kì í bi í pé títí dé ibo. O ó dìde ni. O ó máa bá a lọ, ẹ ó máa sọ̀rọ̀, títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi dúró, tí yóò ní, "Ó tó, padà, o ṣeun." Bí kò bá tíì sọ ọ́, ìwọ ọmọ kò gbọdọ̀ yà. Wọ́n ti fi ìyẹn sí mi lára kí n tó mọ ìwé kà. Ara ìlú yìí ì bá bi bàbá náà léèrè káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀. Èmi ní, "Ó dáa, sà."

Ó tún fi ìka rẹ̀ sórí bébà, sójú ọ̀nà ìgbà òtútù. Mo rò pé ọgbọ́n arúgbó ni, pé eré ló fẹ́ bá mi ṣe. Mo gbé ìka tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò mọ bí n ó ṣe sọ èyí tí ó kù ní ọ̀nà tí yóò tẹ́ ọ̀mọ̀wé kankan lọ́rùn. Mo mọ̀ pé inú yàrá ni mo wà. Mo ń rí iná lókè orí mi, mo ń gbọ́ ẹ̀rọ amúlétutù tí ó ń kùn. Síbẹ̀, bébà náà ń rì lábẹ́ ìka mi. Ó rọ̀ bíi kànrìnkàn tí ó mu omi yó. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, á wọlé. Bí mo bá gbé ìka, á fà á mú díẹ̀ kí ó tó tú u sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni òtútù bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe lọ́wọ́. Láti àtẹ́lẹsẹ̀ ni.

"Rọra," bàbá náà sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ibí yìí jìn."

A dé ibi tí ọ̀nà gbà lẹ́bàá adágún tí ahéré wà létí rẹ̀. Mo fẹ́ máa tẹ̀lé ìlà dúdú náà lọ. Ó fi ìka rẹ̀ dí mi lọ́nà, ó yà sí àárín adágún méjì kan, níbi tí máàpù kò fi ohunkóhun hàn àfi àmì irà.

"Bàbá, a ti kúrò lójú ọ̀nà."

"Omi ti gbé e."

"Ahéré ńkọ́?"

"Omi ti gbé ìyẹn náà."

Mo gbọ́ ìró omi tí ń kùn lábẹ́ koríko. Mo gbọ́ ẹyẹ kan tí mi ò mọ ohùn rẹ̀. Ó wá ṣe mí bí ẹni pé a kò jẹ́ ẹni méjì mọ́, pé ẹnì kan tún ń bọ̀ lẹ́yìn, ìrìn rẹ̀ wúwo, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo fẹ́ wẹ̀yìn.

"Má wẹ̀yìn," ni ó wí. "Bí o bá wẹ̀yìn, yóò dúró. Jẹ́ kí ó máa tẹ̀lé wa."

Mi ò wẹ̀yìn. A dé ibi tí odò kan ṣẹ́ kọ́rọ́, tí etí rẹ̀ ga díẹ̀, ibì kan ṣoṣo tí ìlà tí ń fi gíga ilẹ̀ hàn yẹn ti súnmọ́ omi lórí gbogbo bébà náà. Bàbá náà gbé ìka rẹ̀ kúrò. Mo dúró. Mò ń retí rẹ̀. Mò ń retí pé kí ó ní ó tó, kí n padà.

Fóònù dún.

Mo yíjú sí i, bóyá bí ojú ṣe ń ṣẹ́. Nígbà tí mo yíjú padà, kò sí ẹnikẹ́ni ní òdì kejì tábìlì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo bá nílẹ̀ ní ṣókí. Bébà náà gbẹ, kò sí àbàwọ́n kankan lórí rẹ̀. Mo fi awò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo wà ní òpin tábìlì, ó jìnnà sí àga mi. Bàtà mi wà lábẹ́ àga, méjèèjì gbẹ, okùn wọn ṣì wà ní síso. Mi ò rántí pé mo bọ́ wọn. Ìbọ̀sẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ mi, omi sì ń ro lára wọn sórí kápẹ́ẹ̀tì. Omi náà pọ́n bíi tíì tí wọn kò fi mílíìkì sí. Ẹni tí ó bá ti kàwé nípa irà àríwá mọ irú omi tí ń ní àwọ̀ bẹ́ẹ̀. Koríko tí ó ti ń jẹrà láti ayébáyé ló ń pa á láró.

Fóònù ṣì ń dún. Mo gbé e. Obìnrin kan ni, ọ̀kan nínú àwọn tí ń wá Kúnlé. Ó kí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní awakọ̀ ti wà nínú hẹlikópítà, kùrukùru ti ń bo apá ìlà oòrùn, ibì kan ṣoṣo ni wọ́n lè dé kí wọ́n tó padà. Ibo ni ahéré náà wà?

Ẹ wo ipò tí mo wà. Mo lè sọ ọ̀kan nínú ibi méjì tí máàpù fi ahéré sí. Ìyẹn ni èyí tí mo lè fi ìwé gbè lẹ́sẹ̀, kò sì sí ọ̀gá tí yóò bá mi wí. Tàbí kí n sọ etí odò kan tí n kò rí ẹ̀rí kankan fún, àfi ìka arúgbó kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Bí mo bá ṣì í, Kúnlé kú nìyẹn.

Bọ́sẹ̀ ti sọ̀kalẹ̀ wá, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bóyá ìró fóònù ló gbọ́. Ó ń wo ẹnu mi.

Mo ka nọ́ńbà tí ń tọ́ka sí etí odò náà lórí ilẹ̀ fún obìnrin yẹn.

Ó tún un kà. Ó ní, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ní mo mọ̀. Ó ní ṣé ó dá mi lójú? Mo wo àbúrò mi. Mo ní ó dá mi lójú.

Mi ò tíì sọ bẹ́ẹ̀ rí nípa ohun tí mi ò wọ̀n.

"Ẹ̀gbọ́n," Bọ́sẹ̀ sọ jẹ́jẹ́ nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, "kí ló ṣe ẹsẹ̀ yín?"

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n pè. Wọ́n rí Kúnlé. Etí odò ibi tí mo sọ gan-an ló jókòó sí. Òtútù ti mú un gan-an, àwọn ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dára, ṣùgbọ́n ó ń mí, ó sì ń sọ̀rọ̀. Bọ́sẹ̀ wólẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ń yí gbirigbiri, ó ń pe Ọlọ́run ní gbogbo orúkọ tí ó mọ̀. Màmá Délé bẹ̀rẹ̀ orin. Èmi náà sunkún. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bi Màmá Délé léèrè bàbá ta ni ó ní kí ó sọ̀kalẹ̀ wá bá mi.

"Bàbá wo?" ó ní. "Èmi àti Bọ́sẹ̀ nìkan la wà lókè. Kò sí ìgbà tí ẹnì kan nínú wa ò sí lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí bàbá kankan."

Mo júwe rẹ̀: kóòtù méjì, fìlà onírun.

"Dókítà, ṣé ẹ sùn dáadáa?" Oyè ìwé mi ló fi ń pè mí. Ó wò mí tìfura-tìfura. "Ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bi. Mo gbé tíì wá fún yín lánàá, kí fóònù yẹn tó dún. Mi ò bá yín. Máàpù wà ní títẹ́, iná wà ní títàn, bàtà yín nìkan ló wà lábẹ́ àga. Mo ní, ẹ wo ọkùnrin yìí, ó lọ tọ̀ láì wọ bàtà bí ẹni tó wà nílé bàbá rẹ̀. Mo bá gbé tíì mi padà."

Mo sọ fún un pé mi ò kúrò nínú yàrá náà.

"Ẹ kúrò," ni ó wí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Mo pè yín. Mo wo ẹ̀yìn gbogbo pẹpẹ. Yàrá náà ṣófo, dókítà."

Mo wádìí síwájú sí i bí ó ti mọ́ mi lára. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé wa tí mo mọ̀ láti Adelphi dé Lake Arbor bóyá ẹnikẹ́ni ní bàbá tí ó wà lálejò tí ó rí báyìí báyìí. Kò sí. Mo wá inú ìwé bóyá Yorùbá kankan ti fi ẹsẹ̀ kan irà náà rí ṣáájú Kúnlé. Mi ò rí ẹ̀rí pé ó rí bẹ́ẹ̀, mi ò sì rí ẹ̀rí pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó kù, Kúnlé ló sọ ọ́ fún mi.

Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọsibítù tí ó sì padà dé Riverdale Park, mo lọ kí i. Ó wà lórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nínú báńdéèjì. Bí ó ti rí mi, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà, mo sáré dá a dúró. Ó dúró kí Bọ́sẹ̀ wọ kíṣìnnì kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ bi yín. Báwo lẹ ṣe dé ọ̀hún?"

"Ọ̀hún wo?"

"Mo rí yín." Ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Mo ti sùn sílẹ̀, mo ti gbà fún Ọlọ́run. Mo gbójú sókè, mo rí yín tí ẹ ń lọ lórí irà. Ẹ so táì. Ẹ ò wọ bàtà, ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló wà lẹ́sẹ̀ yín. Mo ní, ṣé ẹ̀gbọ́n mi nìyí? Mo bá dìde tẹ̀lé yín."

"Ta ló wà pẹ̀lú mi?"

"Kò sí ẹnì kankan. Ẹ̀yin nìkan ni. Ẹ kàn na ìka yín síwájú báyìí, ẹ ń wolẹ̀." Ó na ìka rẹ̀, ó fi hàn mí. "Ibi tí ẹ bá tẹ̀ ni èmi náà ń tẹ̀. Mo pè yín pè yín, ẹ ò wẹ̀yìn. Nígbà tí a dé etí odò, ilẹ̀ le níbẹ̀, mo mọ̀ pé mo ti yè. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Mo ní, ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n, ó tó, ẹ padà."

Mo ní kí ó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Ẹ ò padà. Ẹ sọ̀kalẹ̀ sínú odò, ẹ là á kọjá, ẹ gun òdì kejì. Mo ń wò yín títí kùrukùru fi bò yín. Apá àríwá lẹ kọrí sí." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ wo lẹ padà dé?"

Mo wà níwájú rẹ̀, mo di ife omi mú. Ṣùgbọ́n mo ronú sí i: kì í ṣe Kúnlé ni mo sìn. Ẹni tí ń tẹ̀lé wa lẹ́yìn ni òun. Bàbá tí mo sìn kò tíì sọ pé ó tó, kí n padà.

Mo ti gbé máàpù náà fún ẹlòmíràn láti parí. Òyìnbó ni. Ó fi ìka rẹ̀ gba gbogbo ojú rẹ̀, ó mu kọfí, ó lọ sílé rẹ̀, nǹkan kan kò ṣe é. Ní tèmi, mo lè wà nínú ìpàdé, tàbí kí n máa wa mọ́tò lọ lójú Route 1 nínú oòrùn gangan, òtútù náà á sì bẹ̀rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀. N ó gbọ́ omi. Nígbà mìíràn wọ́n á pè mí, mi ò ní gbọ́ àfi bí wọ́n bá fọwọ́ kàn mí. Bí mo bá bọ́ bàtà, ìbọ̀sẹ̀ mi á ti tutù, omi náà á sì pọ́n. Àwọ̀ rẹ̀ ń dúdú sí i. Bọ́sẹ̀ mọ̀. Bí ó bá wá kí mi, tí ó fẹ́ máa lọ, á di ọwọ́ mi mú lẹ́nu ọ̀nà, á wò mí lójú, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó tó, ẹ padà." Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe òun ló yẹ kí ó sọ ọ́.

Mi ò sọ pé kí ẹ má bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí bá wọlé tọ̀ yín wá, tí ó ní kí ẹ sin òun sọ́nà díẹ̀, ẹ dárí jì mí, ẹ yájú sí i. Ẹ bi í léèrè ibi tí ẹ ó ti padà. Kí ó sọ ọ́ jáde lẹ́nu kí ẹ tó dìde.